Táyà Fún Alùpùpù Tí Ó Ti Dàgbà: Níbo Ni Ó Yẹ Kí A Ti Dín Owó Kù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó." Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gun alùpùpù ní ìdálẹ̀ mu gidigidi, pàápàá jù lọ àwọn tí alùpùpù wọn ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ lè ṣì máa dún dáadáa, kí mẹkáníìkì sì máa yìn ín pé kò sí irú rẹ̀ mọ́ nínú àwọn tí wọ́n ń kó wọlé lóde òní. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ó ń tẹ ilẹ̀. Táyà méjì péré ni ó wà láàrin ẹni tí ó gun alùpùpù àti ọ̀dà títì, ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan sì ti fi ara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn lọ. Lórí àtẹ́lẹwọ́ méjì yìí ni ẹ̀mí bàbá, ẹ̀mí ìyá àti ẹ̀mí ọmọ tí wọ́n gbé sáàrin wà.

Kò sí ìlú ńlá kan ní Òkè Ọya tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Mínnà, àti ní àwọn ìletò tí ó yí wọn ká, àìmọye ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń fi alùpùpù àtijọ́ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Oníṣòwò a di ẹrù sí ẹ̀yìn rẹ̀, a sì forí lé ọjà oko ní ìdájí. Olùkọ́ a gùn ún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Káfíńtà a gbé ayùn àti pákó kọ́ ọ, birikilà a sì gbé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i lẹ́yìn. Ní ìlú tí ìjọba ti fi òfin de fífi alùpùpù gbé èrò ní ìgboro, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní ọdún 2013, àwọn tí kì í ṣe achaba ṣì ń gun tiwọn lọ sí ẹnu iṣẹ́, sí oko àti sí ilé ìjọsìn.

Owó ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ táyà di ìṣòro. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò. Ní ọdún kan náà, iye náírà sí dọ́là já wálẹ̀ gidigidi. Ọjà tí à ń kó wọlé láti òkè òkun sì ni táyà jẹ́ fún wa nísinsìnyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ Michelin ti ń ṣe táyà ní Port Harcourt, tí ti Dunlop sì wà ní Ìkẹjà. Michelin ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2007. Ní ọdún 2008 ni Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró. Láti ìgbà náà, bí dọ́là bá ti gòkè ni táyà ń gòkè tẹ̀lé e.

Nítorí náà, kò yẹ kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi bí ó bá ń wá táyà tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tí ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn òbí nílé, tí ó sì ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ láti kọ́ ilé sí ìlú rẹ̀, kò lè máa náwó bí ẹni pé owó ń hù lórí igi. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe bóyá kí a dín owó kù. Ọ̀rọ̀ náà ni ibi tí ó yẹ kí a ti dín in kù. A lè dín owó kù lórí orúkọ ńlá, lórí eré àsápajúdé tí alùpùpù wa kò lè sá, àti lórí ẹwà ara táyà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí táyà, ìwọ̀n rẹ̀, agbára rẹ̀ láti gbé ẹrù, àti túúbù inú rẹ̀, ìwọ̀nyí kì í ṣe ibi tí ọlọ́gbọ́n ti ń ṣọ́ owó ná.

Tòkunbọ̀ Kì Í Ṣe Èrè

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sáré sí ni táyà tòkunbọ̀. Àwọn tí wọ́n ń tà á a máa sọ pé ojúlówó ni, pé Òyìnbó kò lò ó ju ìgbà díẹ̀ lọ. Òtítọ́ kan wà tí wọn kì í fi kún un: ẹni tí ó kọ́kọ́ ni táyà náà ti yọ ọ́ dànù, kò sì sí ẹni tí í yọ ohun tí ó ṣì wúlò fún un dànù láìnídìí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ó ti rìn láìní afẹ́fẹ́ rí, tàbí bóyá ó ti kọlu òkúta tí okùn inú rẹ̀ fi já. Ojú kò lè rí inú rọ́bà. Yàtọ̀ sí èyí, táyà àlòkù wà lára àwọn ọjà tí Àjọ Aṣọ́bodè Nàìjíríà kà sí èèwọ̀ láti kó wọlé, àfi ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí a fẹ́ fi rọ́bà tuntun bo ojú wọn.

Èyí tí ó burú jù ni táyà tí ó ti pá, tí àwọn oníjìbìtì wá fi ọ̀bẹ gbígbóná la ilà tuntun sí lára, tí wọ́n sì fi ohun dúdú kùn kí ó lè máa dán. Ilà tí ọ̀bẹ là kò fi rọ́bà kankan kún táyà. Ńṣe ni ó tún ń gé nínú ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù, tí ó sì ń sún mọ́ okùn tí ó di táyà mú. Ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀ ti fi owó ra ohun tí ó burú ju èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ lọ. Àmì rẹ̀ ni pé ilà náà kì í dọ́gba, etí rẹ̀ a máa rí ṣákaṣàka, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sì í jinlẹ̀ bákan náà yípo.

Bí a bá fi táyà tuntun tí orúkọ rẹ̀ kò lókìkí, tí a ṣe ní ilẹ̀ Íńdíà tàbí Ṣáínà, wé tòkunbọ̀ olórúkọ ńlá, èyí tuntun ni ó yẹ kí a mú, bí ó bá ṣáà ti ní àmì àti nọ́ńbà tí ó yẹ lára. Orúkọ ńlá kò lè dá ọjọ́ tí ó ti lọ padà.

Bí A Ti Ń Mọ Ọjọ́ Orí Táyà

Rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ gùn ún rí. Oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le koránkorán, tí yóò sì sán wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan Òkè Ọya ju ibòmíràn lọ. Ní Sókótó àti Máídúgùrí, ooru a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ọ̀dà títì fúnra rẹ̀ a sì máa gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà tí ọlọ́jà so mọ́ iwájú ìsọ̀ nínú oòrùn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, ti ń gbó kí oníbàárà tó dé. Kí olùrà bẹ ọlọ́jà pé kí ó mú èyí tí ó wà nínú yàrá, ní ibi òjìji, jáde fún òun.

Ọ̀nà tí ó dájú wà láti mọ ọjọ́ tí a ṣe táyà. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ó ti rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àmì kan tí ó rí bí ẹyin, nígbà púpọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ń sọ ọdún. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 1824, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ 18 nínú ọdún 2024 ni a ṣe é. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ni ó wà níbẹ̀, a ti ṣe táyà náà ṣáájú ọdún 2000, kò sì yẹ ní ohun tí a ń bèèrè iye rẹ̀. Bí kò bá sí nọ́ńbà rárá, tàbí tí ẹnì kan ti fi nǹkan ha á kúrò, kí olùrà fi í sílẹ̀, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ti ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n ka ọdún 4 láti ọjọ́ tí a ṣe táyà sí òpin ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun fi àyè sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá ń yẹ táyà náà wò dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí oòrùn ti mú tó báyìí, tí ẹrù sì ń wúwo tó báyìí, ìkìlọ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ ni ó bọ́gbọ́n mu láti tẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí táyà tí kò tíì tẹ ilẹ̀ rí, tí bébà ṣì wà lára rẹ̀, fi lè jẹ́ arúgbó. "Tuntun" ni orúkọ tí ọlọ́jà sọ ọ́; nọ́ńbà ara rẹ̀ ni ó ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tó láti rí nọ́ńbà kékeré, tàbí tí kò kàwé, kò gbọdọ̀ tijú láti mú ọmọ rẹ̀ tàbí aládùúgbò rẹ̀ dání lọ sí ọjà. Ọlọ́jà lè bínú díẹ̀, ó lè ní oníbàárà ń fi àkókò òun ṣòfò. Kí ó máa bínú. Òun kọ́ ni yóò gun táyà náà.

Ìwọ̀n Tí Ó Bá Ẹsẹ̀ Mu

Lẹ́yìn ọjọ́ orí ni ìwọ̀n. Bí a bá rí 3.00-17 lára táyà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fífẹ̀ táyà náà jẹ́ íǹṣì 3, ríìmù tí ó bá a mu sì jẹ́ íǹṣì 17 láti etí kan dé etí kejì. Àwọn mìíràn ni a kọ bí 90/90-18. Ìtumọ̀ èyí ni pé táyà náà fẹ̀ tó mìlímítà 90, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yìí, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 18. Ọlọ́jà tí kò ní 3.00-18 lè gbé 90/90-18 sílẹ̀ dípò rẹ̀. Àwọn méjèèjì sún mọ́ra, wọn a sì sábà gba ipò ara wọn, bí àyè bá wà tó. Ṣùgbọ́n táyà 17 kò lè di 18 láéláé, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun yóò fi irin tẹ̀ ẹ́ wọlé ń tan ara rẹ̀ àti oníbàárà jẹ.

Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ ti dàgbà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ lè ti gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá, táyà tí ó wà lára rẹ̀ lónìí sì lè máà jẹ́ irú èyí tí àwọn tí wọ́n ṣe é fi sí i. Kí a má ṣe wo táyà àtijọ́ nìkan. Kí a wo ara ríìmù, níbi tí wọ́n ti sábà ń tẹ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ irin, kí a sì wo ìwé tí ó bá alùpùpù náà wá, tàbí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, bí kò bá tíì parẹ́. Àwọn kan fẹ́ràn táyà tí ó fẹ̀ nítorí pé ó ń mú kí alùpùpù rí bí akọni. Táyà tí ó fẹ̀ jù lè máa ha ṣéènì, ó sì lè máa ha irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń ha yóò já ní ọjọ́ kan.

Ní ti ìrísí ojú táyà, ọ̀nà tí à ń tọ̀ ni kí ó pinnu. Táyà oníkókó gàǹgà-gàǹgà wúlò nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn, ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà ni ó ti ń tètè jẹ, kì í sì í di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà òjò. Ẹni tí ó ń rìn lórí ọ̀dà àti lórí ilẹ̀ pupa bákan náà, táyà onílà pẹlẹbẹ tí ó jinlẹ̀ díẹ̀ tó fún un. Kí ó rí i pé èyí tí a kọ ọ̀rọ̀ iwájú sí lára kò lọ sí ẹ̀yìn, àti pé ọfà tí a yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ ń yí sí.

Àmì TT wà fún táyà tí ń lo túúbù, TL sì wà fún èyí tí kì í lò ó. Ríìmù onísípóòkù ti alùpùpù àtijọ́ kò lè di afẹ́fẹ́ mú láìsí túúbù. Ẹni tí ó bá san àfikún owó nítorí TL lórí irú ríìmù yìí ti ju owó náà sínú odò.

Ẹrù Àti Eré

Nọ́ńbà kékeré kan àti lẹ́tà kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í kà, irú bí 50P. Nọ́ńbà náà ń sọ ẹrù tí táyà lè gbé, lẹ́tà sì ń sọ eré tí ó lè fara dà. Nọ́ńbà 41 jẹ́ kìlógíráàmù 145. 47 jẹ́ 175. 50 jẹ́ 190. Ní ti lẹ́tà, J jẹ́ kìlómítà 100 ní wákàtí kan, L jẹ́ 120, P jẹ́ 150. Níhìn-ín gan-an ni olówó kékeré ti lè rí èrè. Alùpùpù àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 100 kò nílò táyà tí a ṣe fún eré 180 tàbí 210. Owó eré tí a kò ní sá ni. Kí a dín owó kù lórí lẹ́tà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe dín in kù lórí nọ́ńbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní alùpùpù wúwo tó kìlógíráàmù 110, ẹni tí ó gùn ún jẹ́ 75, ẹni tí ó gbé sẹ́yìn jẹ́ 70, ẹrù sì jẹ́ 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 305. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ bá bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó ti di 203. Táyà 50, tí kò gbọdọ̀ gbé ju 190 lọ, ti kọjá agbára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka kòtò ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Kò sí táyà olówó gọbọi tí ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ àṣejù. Ẹrù tí ó bá pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí a gbé e.

Bí Owó Bá Tó Ẹyọ Kan Péré

Ìbéèrè tí ó ń dá awuyewuye sílẹ̀ nígbà gbogbo ni pé, bí owó kò bá tó ra táyà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, èwo ni kí a kọ́kọ́ rà? Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ń ṣe ni pé wọn a ra ti ẹ̀yìn, nítorí òun ni ó ń tètè jẹ, wọn a sì fi ti iwájú sílẹ̀ títí yóò fi pá porogodo. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń gbé ti ẹ̀yìn tí ó ti jẹ wá sí iwájú.

Àṣà yìí léwu. Iwájú ni a fi ń darí alùpùpù, nígbà tí a bá sì tẹ bíréèkì, iwájú ni ìwúwo ń sáré lọ. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá yọ̀, ẹni tí ó mọ alùpùpù gùn lè rí i gbà padà. Bí ti iwájú bá yọ̀ tàbí tí ó bá bẹ́, ilẹ̀ ni ó kù. Nítorí náà, bí méjèèjì bá ti gbó bákan náà, kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ ti iwájú, kí a dín eré àti ẹrù kù, kí a sì tètè wá owó ti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí okùn inú bá ti yọ síta lára èyíkéyìí nínú wọn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá wú, tàbí tí ó bá ti sán débi tí èékánná lè wọ inú rẹ̀, kò sí àkókò láti máa yan èyí tí ó ṣáájú. Kí alùpùpù dúró nílé títí owó yóò fi dé.

Bí a óò ti mọ̀ pé táyà ti tán kò ṣòro. Ó yẹ kí a wá lẹ́tà TWI ní ẹ̀gbẹ́ táyà. Ní ìdojúkọ rẹ̀, nínú kòtò ilà, ni rọ́bà kékeré kan ti yọ sókè. Nígbà tí ojú táyà bá jẹ débi tí ó bá rọ́bà kékeré yìí dọ́gba, ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

Túúbù, Ríìmù Àti Afẹ́fẹ́

Àwọn kan a ra táyà tuntun, wọn a sì dá túúbù tí a ti lẹ̀ ní ibi mẹ́fà padà sínú rẹ̀. Èyí dà bí ẹni tí ó wọ agbádá tuntun lé ẹ̀wù tí ó ti ya. Owó túúbù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó táyà. Kí a ra tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá táyà mu, kí a sì wo ríìmù kí a tó dé e. Ìpẹtà ni kí a ha kúrò. Orí sípóòkù tí ó bá yọ sókè yóò gún túúbù, nítorí náà kí a rí i pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo orí àwọn sípóòkù ṣì wà ní ipò rẹ̀.

Fọ́kanáísà tí ó mọṣẹ́, ẹni tí àwọn Hausa ń pè ní mai faci, yóò fi omi ọṣẹ pa etí táyà kí ó tó fi irin tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kò ní lo epo ẹ́ńjìnnì, nítorí epo a máa ba rọ́bà jẹ́. Irú ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàrin àwọn onílé wa ní Òkè Ọya, kò sì yẹ kí èdè tí kò dọ́gba dí wa lọ́wọ́ láti bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá fi ọ̀wọ̀ bèèrè yóò rí ìmọ̀ràn òtítọ́ gbà. Lẹ́yìn tí a bá ti dé táyà tuntun, kí a rọra gùn ún fún nǹkan bí kìlómítà 150 àkọ́kọ́, nítorí pé ojú rẹ̀ ṣì ń yọ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ohun tí ó kéré jù ní owó, òun sì ni ó ń gba táyà là jù lọ. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó yóò máa ṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ bí ó ti ń yí. Ṣíṣẹ́ yìí ni ó ń dá ooru sílẹ̀ nínú rẹ̀, ooru a sì tú rọ́bà kúrò lára okùn. Ní ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, gééjì 25 ni ó sábà bá iwájú mu, 28 bá ẹ̀yìn mu bí ènìyàn kan bá dá gùn ún, tí a sì ń fi kún ti ẹ̀yìn dé nǹkan bí 32 bí a bá gbé ẹnì kejì. Ìwé alùpùpù kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ tirẹ̀ pàtó. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí táyà tó gbóná, ni kí a wọ̀n ọ́n, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Fífi ẹsẹ̀ ta táyà kì í ṣe gééjì.

Owó Tí Ó Pẹ́ Ju Owó Lọ

Ẹ jẹ́ kí a tún fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò. Ká ní táyà kan jẹ́ ₦15,000, tí ó sì lo oṣù 15. Òmíràn jẹ́ ₦9,000, ṣùgbọ́n oṣù 6 ni ó lò. Ti àkọ́kọ́ gba ₦1,000 lóṣù. Ti èkejì gba ₦1,500. Ẹni tí ó rò pé òun dín ₦6,000 kù ti san jù ní òpin ọ̀rọ̀, láìka owó fọ́kanáísà àti ọjọ́ ọjà tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé táyà náà bẹ́ lójú ọ̀nà, kò sí ìṣirò tí ó lè gbé owó ilé ìwòsàn, kí a má tíì sọ ohun tí ó ju ìyẹn lọ.

Ní ti ẹni tí kò lè kó irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà àbáyọ wà nínú àṣà wa. Kò sí ìlú ní Òkè Ọya tí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kò sí. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń dá owó fún ìnáwó ìsìnkú àti ìkómọjáde. Kí ló dé tí wọn kò lè dá èésú táyà? Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, wọn yóò lè ra táyà pọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá, ní iye tí ó dín ju ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ, kí ẹni kan tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ sì bá gbogbo wọn ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Owó tí ẹgbẹ́ ń ná láti gbé òkú ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ sílé lè ra táyà fún ọ̀pọ̀ alààyè.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀ láti kó. Àjọ SON, tí ó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti gba táyà tí kò dára lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò léraléra, títí kan àwọn tí wọ́n kì bọ inú ara wọn láti òkè òkun, tí etí wọn sì ti ṣẹ́. Iṣẹ́ náà dára. Ó yẹ kí ó gbòòrò dé àwọn ọjà Òkè Ọya, kí ó má mọ sí ẹnu ibodè àti Èkó nìkan. Ó yẹ bákan náà kí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó máa fi èdè tí àwọn ènìyàn gbọ́ kọ́ wọn bí a ti ń ka ọjọ́ orí táyà, ní ọjà, ní mọ́sáláásí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Igi rọ́bà ń bẹ ní Ẹdó, ní Dẹ́ltà, ní Oǹdó àti ní Ògùn. Ó jẹ́ ohun ìtìjú pé à ń ta oje rẹ̀ sí òkè òkun, tí a sì ń fi dọ́là ra á padà gẹ́gẹ́ bí táyà. Ìjọba tí ó bá sọ iṣẹ́ táyà di alààyè padà ní ilẹ̀ yìí yóò ti ṣe oore fún àwọn aláìní ju bí ẹnu ti lè sọ lọ.

Títí di ìgbà náà, ọwọ́ olúkúlùkù ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Alùpùpù lè dàgbà, ọ̀dà ara rẹ̀ lè ṣí, àga rẹ̀ lè ya kí a fi abẹ́rẹ́ rán an. Kò sí èyí tí ó ń pa ènìyàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a dàgbà. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Gbogbo ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ wá ọrọ̀ ní ìdálẹ̀ ni àwọn ará ilé ń retí, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wọlé.